Ẹ Jẹ́ Kí Láàbù Alábàtà Gba Kọ́ńgò Ọjà Wa Náà

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti pàǹtírí tí wọ́n kó jọ sẹ́nu ọ̀nà ọjà tí wọn ò kó. A ó padà sórí ìyẹn, ẹ má ṣèyọnu. Ọ̀rọ̀ láàbù ni. A mọ̀ pé bí àwọn kan nínú yín bá ti gbọ́ láàbù, ilé ìwòsàn ló ń wá sí wọn lọ́kàn, ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò. Èyí tí à ń wí yìí yàtọ̀. Láàbù yunifásítì ni, yàrá tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kó ẹ̀rọ olówó ńlá sí, tí wọ́n ti ń yẹ oúnjẹ, erùpẹ̀, omi àti kẹ́míkà wò. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ó yẹ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí fún àwa ọlọ́jà náà, kí a sanwó, kí wọ́n bá wa yẹ ọjà wa wò, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n bá rí fún wa ní èdè tí a gbọ́.

Ọ̀kan nínú wa tó ń ta láfún ní Kútọ̀ ló kó wa sí ìrònú yìí. Kò fẹ́ kí a dárúkọ òun. Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní kó máa fi láfún ránṣẹ́ sí òun, kó dì í ní kílò kọ̀ọ̀kan, kó lẹ orúkọ mọ́ ọn. Inú gbogbo wa dùn, a ti ń pè é ní ìyá òyìnbó. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ní òun ò lè gbà á láìsí ìwé àyẹ̀wò láti láàbù, torí àwọn tó ń ṣọ́ oúnjẹ lọ́dọ̀ wọn lè bi òun. Ìyá yìí múra, ó di láfún sínú ọ̀rá, ó wọkọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú mìíràn, kì í ṣe ní ìpínlẹ̀ wa yìí rárá, torí pé ibẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ti mọ ẹnì kan.

Ní géètì, wọ́n bi í pé ta ló ń wá. Ó ní láàbù ni. Wọ́n ní ta ni ní láàbù. Ó ní òun ò mọ orúkọ. Wọ́n ní kó jókòó. Nígbà tó jàjà wọlé, ọ́fíìsì kan darí rẹ̀ sí òmíràn, èyí ní kó lọ kọ lẹ́tà, kó sì jẹ́ lórí bébà tí wọ́n tẹ orúkọ kọ́ńpìnnì sí. Ìyá tó ń ta láfún nínú abọ́, níbo ló ti fẹ́ rí bébà kọ́ńpìnnì? Ó wálé, ó ní kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi padà débẹ̀, ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà í lò ti lọ sí ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló gbà kí ìwé tó jáde. Ojú ewé kan ni, gbogbo rẹ̀ jẹ́ òǹkà àti Gẹ̀ẹ́sì. Ó bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó fà á lé e lọ́wọ́ pé, “Ọmọ mi, kí ló wí?” Ìyẹn ní, “Màmá, kò sí wàhálà.”

Wàhálà wà o. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ti ra ti ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ òun kò gba ìdúró. Àpò láfún mẹ́jọ tí ìyá yìí sì ti kó pamọ́ dè é, wọ́n ti bu. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni ọmọ ọ̀kan nínú wa, tó ń ṣe agùnbánirọ̀, wá gba ìwé náà, ó kà á. Ó ní, “Ẹ wò ó, ibi tí wọ́n kọ omi inú láfún sí rèé, 15 nínú 100 ni.” Ìwọ̀n tí àjọ Codex, àwọn tó ń ṣe òdiwọ̀n oúnjẹ fún gbogbo ayé, fi sílẹ̀ fún ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kò gbọdọ̀ ju 13 nínú 100 lọ. Ó túmọ̀ sí pé láfún náà kò gbẹ tó. Bí ẹni tó fún un níwèé bá sọ gbólóhùn kan ṣoṣo pé, “Ìyá, ẹ tún un sá,” oòrùn ọjọ́ méjì ni ìbá parí ọ̀rọ̀ náà. Ó san owó àyẹ̀wò, àyẹ̀wò náà sì sọ òótọ́, àpò mẹ́jọ ṣì bàjẹ́.

A kò sọ ìtàn yìí láti bú ẹnikẹ́ni. A sọ ọ́ kí ẹ lè rí i pé ilẹ̀kùn méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni ti géètì. Èkejì ni ti ẹnu, pé kí ẹni tó mọ̀ là á yé ẹni tó sanwó. Àwọn tó ń kọ̀wé sí ìjọba nípa ọ̀rọ̀ yìí, ti géètì nìkan ni wọ́n máa ń sọ.

Ní tòótọ́, kì í ṣe pé gbogbo yunifásítì wa ló ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ará ìta. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n máa ń ṣe àyẹ̀wò fún kọ́ńpìnnì, fún àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, fún ẹni tó ń ṣe omi inú ọ̀rá. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà, tó ní ọkọ̀, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, á wọlé, á sì gba ìwé rẹ̀. Àwa tí a kò mọ ọ̀nà ni ilẹ̀kùn náà dà bí ògiri fún.

Ẹ sì wo bó ṣe sún mọ́ wa tó. Bí ẹ bá wọkọ̀ dé Camp, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Alábàtà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní UNAAB títí tí wọ́n fi sọ ọ́ di FUNAAB. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀. Àwọn àgbà wa rántí ìgbà tó ṣì wà ní Ìsàlẹ̀ Ìgbẹ̀ìn, nínú ọgbà àtijọ́ ti Abẹ́òkúta Gírámà, tí àwa fúnra wa ń gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n gbé lé irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́: kó kọ́ ọmọ, kó ṣe ìwádìí, kó sì gbé ohun tó bá wádìí lọ bá ará ìlú. Wọ́n ní ẹ̀ka kan tó ń jẹ́ AMREC fún iṣẹ́ kẹta yìí, wọ́n sì ní rédíò tiwọn, FUNAAB Radio, lórí 89.5. A ò lè sọ pé wọn ò ṣe nǹkan kan. Adìyẹ FUNAAB Alpha tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2018, ọdún tó lé ní ogún ni wọ́n fi tọ́ irú rẹ̀ jọ, àwọn adìyẹ ìbílẹ̀ wa sì wà nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é. Iṣẹ́ tó dára ni.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, àwọn ló ń jáde wá bá wa nígbà tó bá wù wọ́n. Èyí tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí àwa náà lè lọ bá wọn nígbà tí ó bá ká wa lára.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun láyé. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí ààrẹ wọn Abraham Lincoln fọwọ́ sí ní 1862 fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ láti fi dá kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀. Òfin mìíràn ní 1914 wá fi owó sí i kí àwọn yunifásítì náà ní òṣìṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ káàkiri. Títí di òní olónìí, àgbẹ̀ tàbí ìyàwó ilé tó ń gbin tòmátì sẹ́yìnkùlé níbẹ̀ lè bu erùpẹ̀ sínú ọ̀rá, kó fi ránṣẹ́ sí láàbù yunifásítì ìpínlẹ̀ rẹ̀, kó san owó díẹ̀, kí wọ́n sì kọ̀wé sí i padà pé ilẹ̀ rẹ ń fẹ́ báyìí, má tún fi tọ̀hún sí i. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé ta lo mọ̀ ní láàbù.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé, ọ̀rọ̀ kan wà tó kan Ẹ̀gbá gan-an. Ẹ̀yin aláró àti ẹ̀yin tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ẹ bi àwọn ìyá ńlá yín léèrè nípa ọdún 1936. Láyé ọjọ́un, ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún, eérú ni wọ́n ń sẹ́ omi rẹ̀, ìkòkò aró á wà nílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kó tó kẹ̀. Nígbà tí aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà dé, iṣẹ́ yá. Aṣọ pọ̀, àwọn oníbàárà ń wá láti Gold Coast, tí a mọ̀ sí Gánà lónìí, àti láti Sẹ̀nẹ̀gàl pàápàá, wọ́n ń kó àdìrẹ Abẹ́òkúta. Ìgbà tó yá, ọjà dẹnu kọlẹ̀, àríwísí sì bẹ̀rẹ̀ pé aṣọ náà kò dára mọ́. Aláké ìgbà náà, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fòfin de kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó. Àwọn ìyá wa kò gbà. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn, wọ́n gba lọ́yà, ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìjọba òyìnbó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Onímọ̀ ìtàn kan tó ń jẹ́ Judith Byfield ti kọ odindi ìwé lórí àwọn aláró Abẹ́òkúta, ó jáde ní 2002.

Ohun tí àwa rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà rèé. Kọ́sítíìkì kì í ṣe ọ̀tá aṣọ bí ó bá mọ níwọ̀n. Bí ó bá pọ̀ jù, á jẹ aṣọ, á jẹ ọwọ́ aláró pẹ̀lú. Ó dájú pé nínú àwọn aláró ìgbà náà, ẹni tó ń wọ̀n ọ́n dáadáa wà, ẹni tó kàn ń dà á sí i náà sì wà. Àbí kí ni ẹ rò? Bó ṣe rí lónìí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ṣe dáadáa, kí ló fẹ́ gbé jáde níwájú ọba láti fi yàtọ̀ sí ẹni tó ń ba iṣẹ́ jẹ́? Ìbúra? Kò sí láàbù kan tó lè gbé ìró aṣọ mẹ́wàá lọ kí wọ́n sọ fún un pé mẹ́ta nínú wọn ló ti jẹ kọ́sítíìkì yó, méje dára. Nítorí náà òfin bo gbogbo wọn lórí, olóòótọ́ àti ọ̀dàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà lọ́rùn wa. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ kún ọjà, oníbàárà tó bá ra ayédèrú tó bá sì ṣá, Ìtòkú ló máa ń bú. Aláró tó bá ní ìwé láàbù lọ́wọ́ pé aró òun kì í ṣí bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ nígbà báyìí báyìí, ó ti ní ẹnu ọ̀rọ̀. Èyí tó tún ká wa lára ju ìyẹn lọ ni omi aró tó ń ṣàn nínú gọ́tà wa àti ọwọ́ àwọn ọmọdébìnrin tí wọ́n ń ti ọwọ́ bọ kọ́sítíìkì láìsí ìbọ̀wọ́. Bí àwọn ọmọ láàbù bá lè bá wa wọ̀n ọ́n pé ìdajì ohun tí à ń dà sínú omi náà tó, owó wa á dúró, awọ ara wa náà á sinmi.

Ẹ̀yin ẹlẹ́wà, ẹ rántí 2015. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní àwọn ò gba ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà mọ́, nítorí oògùn kòkòrò tó ń jẹ́ dichlorvos, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Sniper. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà ní ọ̀dọ̀ wọn kò ju 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n rí nínú ẹ̀wà wa tó ga jù jẹ́ 4.6. Ẹ ṣírò rẹ̀, ìlọ́po 460 ni. Wọ́n fi ọdún kún ọdún ìjìyà náà ní 2016. NAFDAC náà fòfin de títa ìgò kékeré oògùn yìí lọ́jà ní 2019, síbẹ̀ a mọ ohun tí ojú wa ń rí. Ẹlẹ́wà tó ń fi ata gbígbẹ àti ike tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ tọ́jú ẹ̀wà rẹ̀ wà láàárín wa o. Ṣé òun jàǹfààní? Rárá. Ẹ̀wà rẹ̀ àti ti ẹni tó da Sniper sí i, ojú kan náà ni wọ́n ní. Gẹ́gẹ́ bíi ti àwọn aláró 1936 ló rí.

Àwọn ìyá kan ti sọ fún wa nípàdé pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti ń fi ọwọ́ àti ahọ́n yẹ ọjà wò, kò sì sẹ́ni tó kú. A bọ̀wọ̀ fún wọn. Òótọ́ ni pé ọwọ́ ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀pà tí a bá ṣà dáadáa, tí a yọ èyí tó bu, tó hunjọ àti èyí tó yí àwọ̀ padà kúrò, a ti yọ ọ̀pọ̀ nínú májèlé rẹ̀ kúrò, àwọn onímọ̀ gan-an gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: èyí tí a ṣà kúrò ńkọ́? A máa ń dà á nù ni àbí a máa ń tà á fún oníkúlíkúlí? Ẹ má dá wa lóhùn.

Májèlé tó ń wà lára ẹ̀pà àti àgbàdo tó bu ni wọ́n ń pè ní aflatoxin. Kò ní òórùn, kò ní adùn, sísè àti yíyan kì í pa á tán. Díẹ̀díẹ̀ ló fi ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Bó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ń pani. Ní Kẹ́ńyà ní 2004, àgbàdo tó bu ló dá ènìyàn 317 dùbúlẹ̀, 125 nínú wọn kú. Ìwọ̀n tí Yúróòpù gbà nínú ẹ̀pà jíjẹ jẹ́ ìpín 4 nínú bílíọ̀nù kan, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 20. Kí ó lè yé wa: bí ẹ bá da ìrẹsì àpò ńlá bíi 500 pọ̀ sójú kan, ẹyọ ìrẹsì mẹ́rin péré nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Yúróòpù yẹn. Ahọ́n ta ló fẹ́ tọ́ ọ wò?

Ẹ̀gẹ́ náà rèé. Gbogbo wa la mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ rẹ láfún fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, kí gàrí sì kẹ̀ kí a tó yan án. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà bá ń já, àwọn kan ń rẹ ẹ́ mọ́jú. Májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ kì í lọ tán bẹ́ẹ̀. Òdiwọ̀n Codex fún gàrí ni pé kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2 nínú kílò kan lọ. Ẹ̀rọ tó ń wo èyí kì í ṣe ohun àjèjì ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, a ti gbọ́ ọ, kì í sì í ṣe ẹ̀rù lásán. Àwọn kan ní bí àwọn bá gbé ọjà lọ, ìwé náà á bọ́ sọ́wọ́ agbowó orí tàbí àwọn tó ń ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àwọn mìíràn, pàápàá ẹ̀yin aláró, ní ọ̀jọ̀gbọ́n á kọ́ àṣírí iṣẹ́ yín, á fi ṣe ìwé, á tún fi dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. A ò lè búra pé kò ní ṣẹlẹ̀. Ohun tí a lè ṣe ni kí a fi í sínú àdéhùn kí a tó gbé ohunkóhun lọ: ẹni tó sanwó àyẹ̀wò ló ni èsì rẹ̀, ohun tí ó bá sì sọ nípa ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i.

Ibi kan wà tí ọ̀rọ̀ àṣírí yìí dé, tí àwa fúnra wa kò fohùn ṣọ̀kan lé. Bí láàbù bá rí i pé ọjà ẹnì kan lè pa ènìyàn ńkọ́? Àwọn kan ní èsì ẹni ni èsì ẹni. Àwa tí a pọ̀ jù sọ pé rárá. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún olúwa rẹ̀, kí wọ́n sọ fún ẹgbẹ́, kí a bá a kó ọjà náà kúrò nílẹ̀. Bó bá wá kọ̀, tó ń tà á lọ, kí NAFDAC gbọ́. A ò lè máa fi ẹnu kan bẹ̀bẹ̀ fún òótọ́, kí a fi ẹnu kejì ní kí wọ́n bò ó.

Ẹ̀rù tiwa gan-an, ti kọ́ńpìnnì ńlá ni. Bí yunifásítì bá ṣí láàbù fún oníṣòwò, tó sì jẹ́ pé ẹni tó lówó jù ni wọ́n ń dá lóhùn, kọ́ńpìnnì kan á gba ẹ̀rọ náà fún oṣù mẹ́ta, ọlọ́jà á tún padà sí géètì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá ò ní rí i lò, bẹ́ẹ̀ nítorí wọn ni wọ́n ṣe rà á. Nítorí náà a ní kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Kí iye owó àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan wà lára ògiri, kí gbogbo ojú rí i. Kí AMREC máa rán ẹnì kan wá sọ́jà lẹ́ẹ̀mejì lóṣù láti gba ọjà, kó sì mú èsì padà wá, kó kà á létí wa ní Yorùbá. Ẹni náà kò ní láti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún tó kẹ́yìn tó gbọ́ Ẹ̀gbá dáadáa tó.

Wọ́n lè ní owó dà? Ìdáhùn wa ni pé a ti ń san án tipẹ́. Láti 1993 ni òfin ti ní kí àwọn kọ́ńpìnnì máa san owó orí ẹ̀kọ́, inú irú owó bẹ́ẹ̀ ni TETFund ti ń kọ́lé tó sì ń ra ẹ̀rọ fún àwọn yunifásítì ìjọba. Kọ́ńpìnnì tó ń ṣe ọṣẹ àti ṣúgà tí à ń tà, ṣé ẹ rò pé kò fi owó náà sórí ọṣẹ? Báńkì Àgbáyé náà fi owó sí ibùdó CEADESE tó bẹ̀rẹ̀ ní FUNAAB ní 2014, owó yíyá sì ni, orí gbogbo wa ló wà. Síbẹ̀, a ò ní kí wọ́n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Kẹ́míkà tí wọ́n ń lò wọ́n, ẹ̀rọ ń bàjẹ́, iná ńkọ́? Ní oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n gbé owó iná Band A láti nǹkan bíi náírà 68 sí 225, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló figbe ta. Owó tí ará ìta bá san lè ra díísù, kó tún ẹ̀rọ ṣe, bí wọ́n bá jẹ́ kó dúró sínú láàbù, tí kò bọ́ sínú àpò ńlá tí ẹnikẹ́ni kì í rí ìdí rẹ̀. Ẹ ò sì gbọdọ̀ gbàgbé ìyanṣẹ́lódì. Láti 14 oṣù kejì sí 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi wà nílé, oṣù mẹ́jọ. Ẹ̀pà kì í dúró de ìyanṣẹ́lódì. Kí wọ́n sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹni tí yóò máa ṣí ilẹ̀kùn nígbà náà.

Ní tiwa, àyẹ̀wò kan lè wọ́n fún ẹnì kan, kò ní wọ́n fún mẹ́wàá. Àwọn tó ń gba láfún lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan náà lè dáwó jọ, kí wọ́n yẹ ẹyọ kan wò fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ àwọn tí ọjà wọn ti orísun kan wá o. Bí a bá da ti ẹni tó rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin pọ̀ mọ́ ti ẹni tó rẹ ẹ́ mọ́jú, èsì á jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á bo ti ẹni burúkú mọ́lẹ̀, á sì ba ti ẹni rere jẹ́.

A ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà FUNAAB, a ó kà á fún yín ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ kí a tó fi ránṣẹ́. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi kún un mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá. Ẹ̀yin tó ń ta láfún, gàrí, ẹ̀pà àti ẹ̀wà, ẹ bá wa mú kọ́ńgò kan dání. Kí ẹ má bù ú lórí àpò nìkan o, ẹ bu díẹ̀ lókè, díẹ̀ láàárín, díẹ̀ nísàlẹ̀, torí májèlé kì í tàn ká àpò bákan náà. Ẹ má kọ orúkọ sí i, nọ́ńbà ni a ó fi sí i. Ìyá tí láfún rẹ̀ bu yẹn ni yóò máa gbà á lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ra ọ̀rá sílẹ̀.